Ta Ni Ará Àdúgbò? Ìtàn Ìṣọ́ Ìlú ní Abidjan

Láyé àtijọ́, ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ní odi, odi ní ibodè, ibodè sì ní oníbodè. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn a ti ibodè, àwọn ọdẹ a sì gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọn a máa rìn kiri ìgboro títí àkùkọ yóò fi kọ. Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe kí ó lé gbogbo àlejò padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó béèrè ibi tí àlejò ti ń bọ̀ àti ilé tí ó ń lọ, kí ó sì gba owó ibodè. Bí àlejò bá dárúkọ baálé kan, tí baálé náà sì jẹ́wọ́ rẹ̀, àlejò ti ní ẹni tí yóò dúró fún un. Bí ó bá hùwà rere, ọlá baálé ni. Bí ó bá jalè, baálé ni ìlú yóò ké sí. Nípa báyìí, ààbò ìlú kò sí lọ́wọ́ ọdẹ àti oníbodè nìkan. Ó wà lọ́wọ́ gbogbo agbo ilé, nítorí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn nínú ìlú kí ó má sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Àwọn odi wọ̀nyí ti wó. Ìlú òde òní tóbi ju ohun tí oníbodè lè ṣọ́ lọ, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sì ń gbé inú rẹ̀ tí wọn kò mọ ara wọn rí. Síbẹ̀, níbi gbogbo ni ìjọba ti ń ké sí ará ìlú pé kí wọ́n bá ọlọ́pàá ṣọ́ àdúgbò wọn. Ìpè náà dára, nítorí agbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn ènìyàn kì í sábà dúró dáhùn: ta ni ará àdúgbò? Ìlú Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ti dáhùn ìbéèrè yìí ní oríṣiríṣi ọ̀nà láti nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ó sì ti jẹ èrè ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí Yorùbá mọ ìtàn náà, nítorí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó fi ìlú náà ṣe ilé.

Abidjan kì í ṣe ìlú àtijọ́ bí Ifẹ̀ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Kí àwọn Faransé tó dé, abúlé àwọn ará Ébrié ni ó wà káàkiri etí ọ̀sà tí wọ́n fi orúkọ wọn pè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti ibẹ̀ lọ sí àríwá. Ní 1934 wọ́n sọ Abidjan di olú ìlú dípò Bingerville. Ní 1950 wọ́n la ojú omi Vridi, ọkọ̀ òkun sì ń ti inú òkun wọ inú ọ̀sà láti gbé kòkó, kọfí àti igi gẹdú. Láti ìgbà náà ni ìlú náà ti ń fẹ̀ láìdúró. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yamoussoukro di olú ìlú nínú òfin ní 1983, Abidjan ni ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè náà ṣì wà. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, àwọn tí wọ́n kà ní Abidjan lé ní mílíọ̀nù 6.

Àwọn Faransé pín ìlú náà bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn Òyìnbó ń gbé Plateau; àwọn ènìyàn dúdú ń gbé Adjamé ní ìhà àríwá, àti Treichville ní òdìkejì ọ̀sà. Iṣẹ́ èbúté àti ti ojú irin fa ènìyàn wá láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, láti Mali, Guinea, Senegal, Dàhòmì àti Tógò. Yorùbá kò gbẹ́yìn. Láti Ẹ̀jìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìwó, Ìnísà àti àwọn ìlú mìíràn ni wọ́n ti gbé ọjà lọ. Anango ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n. Ní ti Ẹ̀jìgbò, ọ̀nà náà ti mọ́ ẹsẹ̀ àwọn ará ìlú tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń gbéra níbẹ̀ tààrà lọ sí Abidjan, èdè Faransé sì ti di ohun tí etí ń gbọ́ lójú pópó ìlú náà.

Irú ilé tí àwọn àlejò wọ̀nyí bá ara wọn ní Treichville, ní Adjamé, àti ní Abobo lẹ́yìn náà, jọ agbo ilé wa. Àgbàlá kan ni, yàrá yí i ká, ẹnu ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà, omi kan náà ni wọ́n sì ń pọn. Ọmọ Baoulé, ọmọ Mossi, ọmọ Dioula àti ọmọ Yorùbá lè máa gbé àgbàlá kan náà fún ogún ọdún. Bí àjèjì bá wọlé lọ́sàn-án, obìnrin tí ó ń dáná lójúde ti rí i. Bí ọmọ ẹnìkan bá pẹ́ lóde, ilé kejì a béèrè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní ètò ààbò, kò sì sí ẹni tí ó ń gba owó nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣọ́ ni. Nínú irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ará àdúgbò ni ẹni tí ó bá ń gbé ibẹ̀, èdè yòówù kí ó máa sọ.

Ìdánwò kìíní dé ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, nígbà tí ilẹ̀ náà ń múra láti gba ìṣàkóso ara rẹ̀. Àwọn ará Dàhòmì àti Tógò ti rí ilé ìwé ṣáájú, nítorí náà wọ́n pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn akọ̀wé ìjọba àti ti ilé ìṣòwò. Àwọn ọ̀dọ́ onílẹ̀ tí wọ́n jáde ilé ìwé tí wọn kò rí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ Côte d'Ivoire sílẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn wọn kì í ṣe irọ́, nítorí àìríṣẹ́ kì í ṣe ohun eré. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbínú náà bú jáde, kò lọ bá ìjọba tí ó pín iṣẹ́. Ilé àwọn aládùúgbò ni ó lọ. Wọ́n kó ẹrù, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n lu ènìyàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Dàhòmì àti Tógò sá di èbúté, a sì fi ọkọ̀ kó wọn padà sí ilẹ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí Yorùbá, nítorí inú ilẹ̀ Dàhòmì náà ni Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Sákétẹ́ wà.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí a ronú sí. Ilé tí wọ́n jó kò ní àmì lára. Ẹni tí ó bá ń gbé àdúgbò ni ó lè mọ̀ pé akọ̀wé ará Dàhòmì ni ó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ tí aládùúgbò ní nípa aládùúgbò rẹ̀, èyí tí ó ti ń ṣọ́ àgbàlá lọ́sàn-án lóru, òun náà ni ó di ohun ìjà. Ojú kan náà ni ó wà níbẹ̀; ohun tí ó yí padà ni ẹni tí wọ́n kà mọ́ ará ilé.

Lẹ́yìn òmìnira ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1960, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Áfíríkà mìíràn nítorí iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ìgboro, títí di 1990 sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá àwọn onílẹ̀ dìbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó kòkó wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìgboro, àwọn olè sì ń pọ̀ sí i. Àwọn olówó Cocody gba ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu géètì. Àwọn tí kò lówó tó bẹ́ẹ̀ wo ọ̀dọ̀ àwọn dozo, àwọn ọdẹ ilẹ̀ àríwá.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá rí dozo kò ní béèrè irú ènìyàn tí ó jẹ́. Aṣọ ọdẹ ni ó wà lọ́rùn rẹ̀, oògùn ìṣọ́ra sì wà lára aṣọ náà. Ìbọn ìbílẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Ó ti bá ẹgbẹ́ mulẹ̀ pé òun kò ní jalè. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ẹgbẹ́ wọn kan tí a ń pè ní Benkadi gbilẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn ará àdúgbò ní ọ̀pọ̀ ìlú sì ń dá owó láti fi wọ́n ṣọ́ òru, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìbàdàn àti ìlú Yorùbá mìíràn ti ń dá owó ọdẹ láti ayé ìjọba Òyìnbó. Níbi tí ọlọ́pàá kò dé, ọdẹ dé ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sùn dáadáa nítorí wọn.

Síbẹ̀, ìgbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú wọ inú rẹ̀, ìṣọ́ náà dàrú. Lẹ́yìn ikú Houphouët-Boigny ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1993, ìjà ipò dé láàrin àwọn tí ó fẹ́ jogún rẹ̀. Láti 1995 ni ọ̀rọ̀ tí a ń pè ní ivoirité ti gba ìlú, èyíinì ni pé kí a yọ ọmọ onílẹ̀ gidi kúrò láàrin àwọn yòókù. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1998, ó lé ní ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́rin tí wọ́n kà sí àjèjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a sì bí sí ilẹ̀ náà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá pàápàá di ẹni tí a ń fura sí nítorí orúkọ wọn. Ará àríwá ni dozo, nítorí náà ẹni tí ó ti jẹ́ olùṣọ́ lánàá di ọmọ ogun ọ̀tá lójú àwọn kan. Ní 1998 ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ìṣọ́ ìgboro sílẹ̀, kí wọ́n padà sí ẹkùn ìbílẹ̀ wọn. Nígbà tí ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀pọ̀ dozo bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ, àwọn kan nínú wọn sì ṣe ohun tí ìbúra ọdẹ kò fi àyè gbà.

Ọ̀tẹ̀ ọdún 2002 náà ni ó mú kí àwọn agbófinró wó àwọn ilé pákó ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abidjan, pẹ̀lú àlàyé pé ibẹ̀ ni ọ̀tá ń fara pamọ́ sí. Àwọn àlejò láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ilé wọn wó. Ṣùgbọ́n ọdún 2011 ni ìṣọ́ àdúgbò fi ojú rẹ̀ tí ó burú jù lọ hàn. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2010, àwọn méjì ni ó ń pe ara wọn ní Ààrẹ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2011, ní Yopougon, aṣíwájú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ké sí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pé kí wọ́n kó ara wọn jọ ní àdúgbò wọn, kí wọ́n máa ṣọ́ àwọn tí ń wọlé tí ń jáde, kí wọ́n sì máa tú àjèjì fó. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, táyà, bẹ́ńṣì àti igi ti dí ojú ọ̀nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ń béèrè káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó lè jẹ́ bàbá rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti ará àríwá, tàbí ti ará ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn, ó lè má kọjá. Wọ́n lu àwọn kan pa, wọ́n sì dáná sun àwọn kan láàyè. Ní Abobo àti ní ibòmíràn, àwọn tí ó wà ní ìhà kejì náà dí ọ̀nà, àwọn náà sì pa ẹni tí wọ́n fura sí. Nígbà tí ogun náà fi parí, àwọn tí ó kú jákèjádò orílẹ̀-èdè náà lé ní 3,000 gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kà á.

Bí a bá wo àwọn ìdènà wọ̀nyí láti òkèèrè, gbogbo ohun tí a ń pè ní ìṣọ́ àdúgbò ni ó wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò kó ara wọn jọ. Wọn kò sùn. Wọ́n mọ ojú ọ̀nà. Wọ́n ń bi àlejò léèrè gẹ́gẹ́ bí oníbodè àtijọ́. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù. Oníbodè ń béèrè ẹni tí yóò dúró fún àlejò, kí ó lè wọlé. Àwọn wọ̀nyí ń béèrè orúkọ, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọn yóò pa. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Ogun tán, ṣùgbọ́n ohun tí ó fi sílẹ̀ kò tán. Láti nǹkan bí 2011 ni àwọn ọmọdé kan ti ń jáde ní Abobo, tí wọ́n ń kó ara wọn jọ, tí wọ́n sì ń fi àdá àti ọ̀bẹ jà àwọn ènìyàn lólè lọ́sàn-án gangan. Àwọn ará ìlú pè wọ́n ní microbes, èyíinì ni kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn. Àwọn kan nínú wọn kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ìbẹ̀rù gba ìlú, nígbà tí ó sì dà bí ẹni pé ọlọ́pàá kò lè ká wọn, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìdájọ́. Wọ́n lu àwọn kan nínú àwọn ọmọ náà pa ní gbangba, àwọn òǹwòran sì ń fi fóònù ya àwòrán.

Orúkọ tí a fún àwọn ọmọ náà yẹ ní yíyẹ̀wò. A kì í bá kòkòrò àrùn sọ̀rọ̀. Pípa ni a ń pa á. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sún mọ́ àwọn ọmọ náà bá ohun mìíràn pàdé. Àjọ Indigo ti Côte d'Ivoire àti àjọ Interpeace jókòó ti àwọn ọmọ náà, àwọn òbí wọn àti àwọn ará Abobo, wọ́n sì rí i pé ọmọ ilé kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ní àdúgbò kan tí a mọ̀. Pé ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń wá nínú ẹgbẹ́ ni kí ẹnì kan ka àwọn sí. Ìjọba pẹ̀lú fi orúkọ náà sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ó ń pè wọ́n ní ọmọ tí ó lòdì sí òfin, ó sì kó àwọn kan lọ sí M'Bahiakro láti kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà: òwe yìí kò sọ pé ọmọ àjèjì ni. Olè tí àwọn ará Abobo ń ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà, nínú àgbàlá wọn ni ó ti dàgbà.

Ìdánwò kan tún dé ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún ọdún 2021. Fídíò kan ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ lórí fóònù, àwọn tí ó pín in sì sọ pé ọmọ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń jẹ níyà nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọ̀dọ́ ti kọlu àwọn ará Niger àti ẹni tí ó bá ti jọ Hausa ní Abobo, Yopougon àti Angré. Wọ́n kó ọjà wọn, wọ́n ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́, ẹ̀mí ṣòfò. Nígbà tí àwọn aláṣẹ wádìí, wọ́n rí i pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ya fídíò náà, kò sì kan Niger rárá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ti tó fún irọ́ láti sọ ènìyàn di òtòṣì.

Ìtàn yìí kò túmọ̀ sí pé kí ará ìlú ká ọwọ́ gbera kí wọ́n fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Abidjan fúnra rẹ̀ ti wá ọ̀nà tí ó sàn. Láti òpin ọ̀rúndún tí ó kọjá ni ó ti wà lára àwọn ìlú Áfíríkà tí ó kọ́kọ́ bá ètò Ìlú Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣiṣẹ́. Àwọn olórí ìlú ní Áfíríkà ni ó sì béèrè fún ètò náà ní 1996. Lẹ́yìn ogun ọdún 2011, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọlọ́pàá, olórí àdúgbò, obìnrin ọjà, àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn aṣojú àlejò ti lè jókòó pọ̀. Iṣẹ́ irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ariwo: kí a sọ òpópó tí iná kò sí, kí a tọ́ka ilẹ̀ òfìfo tí àwọn jàǹdùkú ń fara pamọ́ sí, kí a ròyìn ọlọ́pàá tí ń gba owó lọ́wọ́ onímọ́tò, kí a béèrè ìdí tí ọmọ kan kò fi lọ sí ilé ìwé mọ́, kí a wádìí ìròyìn kí a tó gbé e kiri. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni pé olùṣọ́ kì í ṣe adájọ́. Bí ọwọ́ bá tẹ olè, a ó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kan àwa Yorùbá nílé pẹ̀lú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin Yorùbá àti Hausa ní ọjà Máìlì 12 ní Kétu, ní Èkó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú, orúkọ ẹgbẹ́ OPC, tí a dá sílẹ̀ ní 1994 láti gbèjà Yorùbá, sì wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà ṣí ètò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn lójú ọ̀nà oko. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí i, ó sì yẹ kí ó dùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń yan ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀ṣọ́ ní Ẹ̀jìgbò, kí ó rántí pé àbúrò òun ń gbé Treichville. Bí Fúlàní tí a bí sí Òkè Ògùn ti rí lójú ọdẹ tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà oko, bẹ́ẹ̀ ni Anango tí a bí sí Abidjan ti rí lójú ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dí ọ̀nà Yopougon. Òṣùwọ̀n tí a bá fi wọ̀n fún àlejò nílé, òun ni a ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n má fi wọ̀n fún ọmọ wa lájò.

Odi àtijọ́ kò ní padà mọ́, kò sì sí oníbodè tí ó lè mọ mílíọ̀nù 6 ènìyàn. Ṣùgbọ́n àgbàlá Treichville ṣì wà, níbi tí obìnrin kan ti ń dáná lójúde tí ó sì mọ ọmọ ẹni tí ó ń kọjá. Bí ìgbìmọ̀ àdúgbò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, tí a kọ orúkọ gbogbo ilé sínú ìwé, ilé onílẹ̀ àti ilé àlejò, tí a sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìjókòó, ìṣọ́ náà yóò ṣe gbogbo wọn láǹfààní. Bí ó bá fi ilé kan sílẹ̀, ilé náà ni yóò kọ́kọ́ jó, iná náà kò sì ní béèrè orúkọ kí ó tó wọ ilé kejì.